Ìdí Tí Ṣọ́jà Kì Í Fi Kúrò Nílùú Lọ́jọ́ Kan: Bí Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Kó Ogun Rẹ̀ Jáde ní Hong Kong

Ẹni tó bá wo fídíò alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1997, alẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì dá Hong Kong padà fún Ṣáínà, yóò rí òjò tó ń rọ̀ lé àwọn òyìnbó lórí, àsíá Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ̀ kalẹ̀, Gómìnà Chris Patten tí ojú rẹ̀ ti fà ro, àti ọkọ̀ ojú omi ọba, Britannia, tó ń fi èbúté Hong Kong sílẹ̀ nígbà tí aago méjìlá òru ti kọjá díẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mú nínú rẹ̀ ni pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì palẹ̀ ẹrù mọ́, tó kó àwọn ṣọ́jà rẹ̀, tó sì lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ṣọ́jà tó ṣẹ́kù lálẹ́ ọjọ́ náà kò tó nǹkan. Àwọn tó pọ̀ jù ti lọ láti bí oṣù mélòó kan, àwọn mìíràn ti lọ láti bí ọdún. Iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láti ọdún 1992.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. A máa ń ka kíkó ogun kúrò nílùú sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti bàálù: èèyàn mélòó ni, bàálù mélòó ló máa gbé wọn. Àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi ara wọn ni pé, kí ni àwọn ṣọ́jà wọ̀nyí ń ṣe lójoojúmọ́, ta ni yóò sì máa ṣe é lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bá ti lọ? Bí ìdáhùn kò bá tíì sí, ṣọ́jà náà kò tíì lè lọ. Bó bá lọ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ni yóò gba ipò rẹ̀.

Ní ti Hong Kong, ọjọ́ tí wọ́n máa lọ kò ṣeé yí. Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù náà lọ́wọ́ Ṣáínà lẹ́yìn ogun lọ́dún 1842, ó gba Kowloon kún un lọ́dún 1860. Ṣùgbọ́n apá tó tóbi jù, tí wọ́n ń pè ní New Territories, yíyá ni wọ́n yá a, fún ọdún 99, lọ́dún 1898. Apá yìí ló kó ìpín tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ìlú náà, a ò lè gé e kúrò kí ìyókù ṣì lè dá dúró. Ìdí nìyẹn tí Margaret Thatcher, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti Zhao Ziyang, olórí ìjọba Ṣáínà, fi fọwọ́ sí àdéhùn ní Beijing lọ́jọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1984 pé odindi Hong Kong ni yóò padà sọ́wọ́ Ṣáínà lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1997.

Lọ́dún 1984 yìí kan náà, àgbà òṣèlú Ṣáínà kan, Geng Biao, sọ pé kò pọn dandan kí Ṣáínà kó ṣọ́jà wá sí Hong Kong. Inú bí Deng Xiaoping, ẹni tí àṣẹ Ṣáínà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, gan-an. Ojú àwọn akọ̀ròyìn ló ti sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ ni Geng Biao ń sọ, pé bí ilẹ̀ náà bá ti di ti Ṣáínà, ṣọ́jà Ṣáínà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àyà àwọn ará Hong Kong já, ó sì yẹ kó já. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sídìí ètò kíkó ogun kúrò rí ìdáhùn sí ìbéèrè tó le jù: ẹni tó máa gba bárékè ti wà, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ ọjọ́ tó máa dé. Wọ́n tún ní ọdún méjìlá àti ààbọ̀ láti fi múra.

Bí a bá bi ẹni tí kò mọ Hong Kong pé kí ni ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe níbẹ̀, yóò ní wọ́n ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ Ṣáínà ni. Àwọn ọ̀gágun fúnra wọn kò tan ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 1941, ọjọ́ méjìdínlógún péré ni àwọn ará Japan fi gba ìlú náà. Bàtálíọ̀n mélòó kan kò lè di ìlú tí gbogbo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà mú. Iṣẹ́ wọn gan-an ni èyí tí ìwé ìtàn kì í sábà kà kún: mímú àwọn tó ń fo wáyà ẹnubodè wọlé láìní ìwé, lílé àwọn onífàyàwọ́ lójú omi, fífi hẹlikọ́pítà wá ẹni tó sọnù sórí òkè.

Wọn ò lè fa irú iṣẹ́ yìí lé ṣọ́jà Ṣáínà lọ́wọ́. Àdéhùn ọdún 1984 sọ ọ́ kedere pé ìjọba Hong Kong ni yóò máa mójú tó àlàáfíà ìlú, pé ọmọ ogun tí Beijing bá rán wá kò gbọ́dọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Bí ọmọ ogun Ṣáínà bá wá gba ẹnubodè àti omi lọ́wọ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní tààrà, àdéhùn ti bàjẹ́ kí ọjọ́ tó mọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ ológun ní láti kọ́kọ́ di iṣẹ́ alágbádá, kí ológun tó lọ. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè mọ ìdí tí ètò náà fi gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnubodè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọlọ́pàá gba ìṣọ́ ààlà lọ́wọ́ ṣọ́jà, nígbà tó sì fi máa di ìparí ọdún 1992, iṣẹ́ náà ti di ti ọlọ́pàá pátápátá. Àwọn Gurkha, ìyẹn àwọn ọmọ Nepal tó ń jagun fún Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, padà sí bárékè. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1993, wọ́n dá Government Flying Service, iléeṣẹ́ òfuurufú ìjọba, sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ òfuurufú àwọn olùyọ̀ǹda kan, Royal Hong Kong Auxiliary Air Force, ló ń gbé aláìsàn láti àwọn erékùṣù, tó sì ń yọ àwọn tí òkun fẹ́ gbé lọ. Púpọ̀ nínú wọn kàn bọ́ aṣọ ológun, wọ́n di òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tí ọdún 1997 fi dé, iléeṣẹ́ náà ti pé ọdún mẹ́rin. Apẹja tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé lọ́sẹ̀ kìíní oṣù Keje ọdún yẹn, hẹlikọ́pítà tó mọ̀ rí náà ló máa wá gbé e.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wá le jù. Ibi 39 ni àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ní káàkiri Hong Kong, àwọn kan nínú rẹ̀ sì wà láàárín gbùngbùn ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n bí ojú. Ṣáínà ní gbogbo ibi tí ológun wà ló yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ ológun. Ìjọba Hong Kong ní ìlú ti kún, àwọn fẹ́ ilẹ̀ kọ́lé. Gẹ̀ẹ́sì wà láàárín, kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé ó ta ogún ẹlòmíràn. Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ṣáínà jọ dá sílẹ̀ lẹ́yìn àdéhùn 1984 bá a fà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Patten tún dé lọ́dún 1992 pẹ̀lú ètò ìdìbò tí Beijing kò fẹ́ gbọ́ sétí, gbogbo nǹkan fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ọdún mẹ́ta gééré ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, wọ́n rí ojútùú. Ibi 14 ni ọmọ ogun Ṣáínà máa gbà. Ibi 25 ni ìjọba Hong Kong máa gbà láti fi tún ìlú kọ́. Ní pàṣípààrọ̀, Hong Kong á fi owó ara rẹ̀ kọ́ àwọn nǹkan tuntun fún àwọn ológun, títí kan èbúté ọkọ̀ ogun ní Stonecutters Island. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ilé aṣòfin Hong Kong fọwọ́ sí ètò ìdìbò Patten tí Ṣáínà kórìíra. Àwọn tó ń bú ara wọn lórí rédíò ni wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìṣèlú ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, ọ̀sẹ̀ yẹn ni kó lọ kà nípa rẹ̀.

Kí ló kan ìwé ilẹ̀ nínú ètò kíkó ogun kúrò? Ó kàn án púpọ̀. Bárékè tí wọ́n máa wó kọ́lé gbọ́dọ̀ ṣófo ṣáájú. Bárékè tí ṣọ́jà Ṣáínà máa wọ̀, èèyàn lè máa gbé ibẹ̀ títí di wákàtí ìkẹyìn, kódà ó yẹ kí èèyàn wà níbẹ̀ kí wọ́n má baà jí wáyà iná rẹ̀ gé. Stanley Fort wà lára àwọn 14 náà, ibẹ̀ sì ni bàtálíọ̀n tó kẹ́yìn gbé. Títí di ọdún 1994, kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ àti ẹni tó máa kẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wá kan bí wọ́n ṣe máa tò lọ. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń nu ilẹ̀ yàrá: láti igun tó jìnnà sẹ́nu ọ̀nà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kó má baà há ara rẹ̀ mọ́. Ewu méjì ló wà ńbẹ̀. Bí o bá kó àwọn tó ń jà lọ tán, tí àwọn tó ń sebẹ̀, dókítà àti awakọ̀ kù, ta ni yóò dáàbò bò wọ́n? Bí o bá sì kó àwọn yẹn lọ, tí àwọn oníbọn nìkan kù, kí ni wọ́n máa jẹ, ta ni yóò tọ́jú ẹni tó bá ṣàìsàn? Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ máa dín kù pọ̀.

Bí wọ́n ṣe tò ó nìyí. Lóṣù Keje ọdún 1994, wọ́n pa àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gurkha mẹ́rin tó ń jà nílẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, Royal Gurkha Rifles. Ìdí rẹ̀ ju Hong Kong lọ, torí Ogun Tútù ti parí, Gẹ̀ẹ́sì sì ń dín ogun rẹ̀ kù níbi gbogbo, ṣùgbọ́n Hong Kong ni ilé àwọn Gurkha, ó sì jẹ́ kí iye wọn níbẹ̀ wá sílẹ̀ gan-an. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1995, wọ́n tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun olùyọ̀ǹda ìlú náà, Royal Hong Kong Regiment, ká. Nígbà tí ọdún 1996 fi máa parí, bàtálíọ̀n Gurkha tó kẹ́yìn ti lọ, wọ́n sì ti ti ilé ìwòsàn àwọn ológun pa. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1997, wọ́n tú Hong Kong Military Service Corps ká, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó ń wọ aṣọ ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì. Lóṣù Kẹrin, wọ́n ti HMS Tamar, ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, pa. (Má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn ọ́: orí ilẹ̀ ni ó wà. Ọkọ̀ tó ni orúkọ náà gan-an ti rì lọ́dún 1941, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló rì í kí Japan má baà rí i lò.) Lóṣù Kẹfà, ẹgbẹ́ hẹlikọ́pítà tó kẹ́yìn náà kásẹ̀ nílẹ̀. Ó wá ku bàtálíọ̀n Black Watch láti Scotland, àwọn tó ń ṣètò ayẹyẹ, àti ọkọ̀ ogun kéékèèké mẹ́ta.

Bó bá dà bíi pé gbogbo èyí ti pọ̀ jù, ẹ wo Aden, ní gúúsù Arébíà, ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ láti ọdún 1839. Lóṣù Kejì ọdún 1966, ó kéde pé òun máa fún ilẹ̀ náà lómìnira nígbà tó bá fi di ọdún 1968, àti pé òun kò ní fi bárékè kankan sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dárúkọ ọjọ́, kò dárúkọ ẹni tó máa gbà á. Àwọn ọba ilẹ̀ náà tó ti ń gbẹ́kẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì rí i pé wọ́n ti ja àwọn jù sílẹ̀. Àwọn tó ní ìbọn lọ́wọ́ náà rí i pé ìjà tó kù kì í ṣe láti lé Gẹ̀ẹ́sì, torí ó ti ń lọ, bí kò ṣe láti mọ ẹni tó máa jókòó sípò rẹ̀. Ẹgbẹ́ ajàjàgbara méjì, NLF (National Liberation Front) àti FLOSY (Front for the Liberation of Occupied South Yemen), bá dojú ìjà kọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tún dojú rẹ̀ kọ ara wọn.

Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1967, àwọn ṣọ́jà àti ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì yí ìbọn padà sí i. Ó lé ní ogún ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì tó kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìpele-ìpele ni wọ́n ṣe níbẹ̀ náà o: wọ́n kó àwọn ìyàwó àti ọmọ lọ, wọ́n kúrò ní ìgbèríko lóṣù Kẹfà, wọ́n kúrò ní Little Aden àti Sheikh Othman lóṣù Kẹsàn-án, wọ́n ń sún padà títí ó fi ku pápá bàálù Khormaksar àti èbúté. Lórí máàpù, ó dára bí ti Hong Kong. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí wọ́n bá ti kúrò, ẹni tó bá yára jù ló ń gbà á. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó pẹ̀lú NLF ní Geneva láti gbé ilẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kọkànlá, hẹlikọ́pítà gbé àwọn ṣọ́jà tó kù sínú ọkọ̀ ojú omi.

Ẹnìkan lè bi mí pé, Nàìjíríà ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa, àwọn ṣọ́jà ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa kí ọdún 1960 tó dé, àwọn ọ̀gá ni òyìnbó. Nítorí náà, ipò ọ̀gá ni wọ́n gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì pẹ́ ju bí a ṣe ń rò lọ. Òyìnbó, Welby-Everard, ṣì ni ọ̀gá àgbà ọmọ ogun Nàìjíríà títí di ọdún 1965, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí àsíá ti yí padà, kí Aguiyi-Ironsi tó gbà á.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Hong Kong, sí wákàtí mẹ́ta tó dá ariyanjiyan sílẹ̀. Aago méjìlá òru ni àṣẹ lórí ilẹ̀ máa yí padà. Ṣáínà ní kò gbọ́dọ̀ sí ìṣẹ́jú kan tí ilẹ̀ òun kò ní ní ọmọ ogun. Gẹ̀ẹ́sì ní kí aago tó lu méjìlá, òfin òun ló ń ṣiṣẹ́, ọmọ ogun àjèjì kò sì lè kó ìbọn wọlé. Ẹ̀tọ́ àwọn méjèèjì ni, kò sì sí bó ṣe lè jẹ́ pé ìlú kan ní ọmọ ogun méjì tí àṣẹ wọn dọ́gba. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n là á wẹ́wẹ́. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹrin, ogójì èèyàn péré wọlé láti Ṣáínà láìgbé ìbọn, Ọ̀gágun Zhou Borong ló kó wọn wá: àwọn tó máa wo iná, omi, rédíò àti ibùsùn. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn, gbogbo wọn jẹ́ 196. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, 509 mìíràn kọjá ẹnubodè kí wọ́n lè wà ní ẹnu géètì àwọn bárékè nígbà tí aago bá lu méjìlá. Àwọn tó kù, bí 4,000, wọlé ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ogun onírin.

Àwọn ọkọ̀ onírin yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì bínú sí, ó ní kò bójú mu fún ìlú tí ará rẹ̀ ṣì ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tiananmen, ní Beijing, níbi tí ọmọ ogun Ṣáínà ti pa àwọn tó ń wọ́de lọ́dún 1989. Mo gbà pẹ̀lú wọn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ti 509 yẹn, n kò rí ibi tí wọ́n ì bá tún gbé e gbà. Ẹni tó máa gba ìṣọ́ ní òru gbọ́dọ̀ ti dé kí òru tó dé.

Ní géètì bárékè Prince of Wales, láàárín ìlú, ọ̀gá ṣọ́jà Ṣáínà kan, Tan Shan'ai, sọ fún ojúgbà rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ti wọṣẹ́, ó sì kí wọn pé kí wọ́n máa lọ láyọ̀. Àwọn kan ka èyí sí ìyájú. Bẹ́ẹ̀, bí ọdẹ méjì tó ń pààrọ̀ ìṣọ́ ṣe máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Àwọn ọkọ̀ ogun mẹ́ta tó kù tẹ̀ lé Britannia jáde, wọ́n sì di ti ọmọ ogun ojú omi Philippines lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Ibi tí ètò náà ti kù díẹ̀ káàtó ni ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tí kì í ṣe òyìnbó nínú aṣọ òyìnbó. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Hong Kong tó jẹ́ ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ní láti dije fún ìwé ọmọ onílùú lábẹ́ ètò ọdún 1990 tó ní àyè 50,000 fún àwọn olórí ìdílé. Díẹ̀ nínú wọn ló rí i gbà, ìyókù dúró sábẹ́ ìjọba tí wọ́n ti wọ aṣọ ológun ìlú mìíràn lójú rẹ̀. Ti àwọn Gurkha tún yàtọ̀. Nítorí pé Hong Kong ni ilé wọn títí di ọdún 1997, tí wọ́n sì wá kó ilé náà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lo ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1997 bí ààlà nígbà tó ṣòfin lọ́dún 2004: Gurkha tó bá fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọjọ́ yẹn lè gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì lè jọ jagun nínú ihò kan náà, kí ọjọ́ tí wọ́n bọ́ aṣọ pín wọn níyà. Ó di ọdún 2009, lẹ́yìn ẹjọ́ ní kóòtù àti ariwo tí òṣèré Joanna Lumley pa níwájú ilé aṣòfin, kí wọ́n tó mú ààlà náà kúrò fún gbogbo ẹni tó bá ti sìn fún ọdún mẹ́rin ó kéré tán.